Bí Mo Ṣe Para Dà Títí Ajá Mi Kò Fi Mọ̀ Mí Mọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹni tó fẹ́ húkọ́ kó hú u nísinsìnyí, nítorí ìtàn tó wà lẹ́nu mi yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́níran ọmọ Ọdẹ́gbèmí, èmi tí mo sín lẹ́ẹ̀kan nínú igbó tí agbo ẹfọ̀n gbàgbé ọ̀nà ilé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ara yín lójú níbẹ̀ yẹn, mo rí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ débi kan ná kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Kí n tó dé orí ohun tó gbé mi dé Igbó Adákẹ́rọ́rọ́, ó yẹ kí ẹ mọ agbára tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Ìparadà ni orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ọdẹ ìdílé tiwa kì í sá. A ó ya ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé odó, a ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, a ó ti ìdí sẹ́yìn díẹ̀, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké oríkì ara wa láti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Ọjọ́ tí ìyàwó mi Àjíhùn kọ́kọ́ bá mi nínú rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó sáré lọ se àgbo inú rírun fún mi. Ní ìpele kìn-ín-ní, irun orí yóò dìde, yóò sì pọ́n bí irun àgbàdo tó gbó. Irun ti kúrò láàárín orí tèmi tipẹ́, nítorí náà ti ẹ̀gbẹ́ etí nìkan ló ń dìde. Àjíhùn ní mo máa ń jọ òwìwí tí wọ́n jí lójú oorun. Ní ìpele kejì, atẹ́gùn yóò máa fẹ́ láti abẹ́ ẹsẹ̀ mi, òkúta wẹ́wẹ́ yóò gbéra nílẹ̀, yóò dúró lófuurufú bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́ tó gbàgbé, ẹ̀wù gbérí tí mo wọ̀ yóò sì ya láti èjìká. Ibì kan náà ni í máa ń ya. Ó sú Àjíhùn títí, ó kúkú fi bọ́tìnnì síbẹ̀. Ṣòkòtò kì í ya. Bàbá mi sọ fún mi pé Ìparadà tó bá ń ya ṣòkòtò, ayédèrú ni. Agbára gidi a máa mọ ìtìjú.

Ìpele kẹta ni òpin rẹ̀. Níbẹ̀, ọdẹ gbọ́dọ̀ rántí ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ kẹ́yìn, omijé kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ bọ́ lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò wá bò ó, yóò ga bí ọ̀pẹ, ohùn rẹ̀ yóò sì di ohùn àrá. Ọ̀rọ̀ tí bàbá tèmi sọ kẹ́yìn ni pé, “Ọdẹ́níran, má gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn àwọn ewúrẹ́.” Mo mọ̀ pé kò jọ ọ̀rọ̀ ogun. Ṣùgbọ́n ohun tí baba ẹni bá fi sílẹ̀ fúnni la fi í ṣọrọ̀.

Ẹ ó bi mí pé, kí ni ọ̀tá ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ó ń dúró ni. Ẹni tó bá já oríkì mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu, ilé ni wọn kò ti kọ́ ọ, àwọn ẹlẹ́mìí inú igbó sì ní ẹ̀kọ́ ilé ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Àmọ̀tẹ́kùn kan wà tó jókòó tì mí bẹ́ẹ̀, tó ká ìrù rẹ̀, tó ń yán. Àgbọ̀nrín ni kì í dúró. Ìdí nìyí tí ẹran kì í fi í pọ̀ nílé wa, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Èèwọ̀ kan ló wà níbẹ̀: ẹni tó ń ké igbe Ìparadà kò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín. Bó bá sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ yóò wọlẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹ wá rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá. Ta ni yóò kí ọ tí o kò ní dá a lóhùn? Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ nínú oko, ẹni tó ń kọjá yóò ní, “Bàbá Ìbídùn, ẹ kú iṣẹ́ o,” n ó ní, “Ọ̀ọ̀, ẹ ṣé o,” òkúta yóò já bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, n kò tíì dé ìpele kẹta rí. Ẹ̀yin náà wà lára ohun tó fà á.

Ó dáa. Ohun tó gbé mi wọ igbó ni ajá wa. Ẹjẹ́nsinmi ni orúkọ rẹ̀. Àjíhùn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn aládùúgbò tó ń bi í lójoojúmọ́ bóyá ọkọ rẹ̀ tó ń pariwo nínú igbó tún mú nǹkan bọ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin mi Ìbídùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé, ó ṣìnà nínú oko kòkó, òjò sì dé. Ibi tí a ti rí i, Ẹjẹ́nsinmi ló dùbúlẹ̀ yí i ká, tó fi ara rẹ̀ ṣe ilé fún un. Láti ìgbà náà, àwo oúnjẹ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ, bí ìyá rẹ̀ ti ń nà án tó. Lọ́jọ́ kan, ajá yìí lé ọ̀yà kan wọ Igbó Adákẹ́rọ́rọ́, kò sì jáde mọ́. Ìbídùn gbé àwo rẹ̀ ka iwájú, ó ń wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Ó di ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àjíhùn wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ìbọn.

“Bàbá Ìbídùn,” ó ní, “gbogbo ariwo tí ẹ ń pa láti ọjọ́ yìí wá, òní la fẹ́ mọ ohun tó wà fún. Ẹ lọ mú ajá ọmọ mi wá.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti dojú kọ erin, mo ti dojú kọ ejò òjòlá, n kò rí ohun tó lé mi kúrò nílé bí ọ̀rọ̀ yẹn.

N kò ní fi bí mo ṣe rìn débẹ̀ dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé igbó náà dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí irùngbọ̀n mi ṣe ń hù. Ní ìdí ìrókò ńlá kan létí odò, mo gbọ́ ohùn lókè orí mi.

“Ọdẹ́níran, o tún dé.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Èmi àti ọ̀kẹ́rẹ́ yìí ti mọ ara wa tipẹ́. Mo ti yìnbọn sí i títí, nǹkan kan ṣoṣo tí mo sì pa ni ewé ìrókò. Ẹ mọ̀ pé nínú ìdílé wa, a kì í yìnbọn láìkọ́kọ́ fi ohùn rara dárúkọ ọta. Bàbá mi ní ọta tí a kò dárúkọ kì í mọ ibi tó ń lọ. Kí n tó parí “Ẹ̀fúùfù-Líle-Tí-Ń-Fa-Ewé-Ọ̀gẹ̀dẹ̀-Ya,” Ọ̀kẹ́rẹ́ á ti jẹun, á ti mumi, á ti gun ẹ̀ka mìíràn.

“Sọ̀ kalẹ̀ ká kí ara wa dáadáa,” mo wí fún un.

“Ibi tí mo wà yìí tẹ́ mi lọ́rùn fún ìkíni. Ajá pupa tó ní etí gígé lò ń wá, àbí? Ó wà lọ́dọ̀ Amigbó, lẹ́yìn igi yìí. Iṣu sísun ló ń jẹ. Ó ti sanra díẹ̀, bí n kò bá ní purọ́.”

Amigbó. Ẹni tó ń mi igbó kìjikìji. Mo fi ọwọ́ tún fìlà mi ṣe, mo yí igi náà po. Mo rí i tó jókòó lórí gbòǹgbò. Ara rẹ̀ jẹ́ èèpo igi láti òkè délẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ewédò, ẹyẹ ẹ̀gà kan kọ́lé sínú rẹ̀. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀, ẹyẹ náà á yọ orí wò ó bóyá òun ló ń bá wí. Lórí itan rẹ̀ ni Ẹjẹ́nsinmi sùn sí, tó fi ikùn sókè, tó ń hanrun.

Mo dọ̀bálẹ̀. Àgbà ni àgbà ń jẹ́, bó jẹ́ igi, bó jẹ́ ènìyàn. “Ẹ kú ọ̀sán, bàbá. Ajá mi ni mo wá mú.”

“Káàbọ̀, ọdẹ. Dìde.” Ó fi ìka kan tó tóbi bí ọmọ odó ra ikùn ajá náà. “Láti ìgbà tí mo ti wà nínú igbó yìí, ohun gbogbo tó bá rí mi, sísá ni. Eléyìí gbó mi. Ó gbó mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá la ẹsẹ̀ mi. Kò sí ẹni tó la ẹsẹ̀ mi rí. N kò lè fún ọ.”

“Ọmọ mi kò jẹun nítorí rẹ̀, bàbá.”

Ó tún ra ikùn ajá náà. Ẹ̀gà yọrí, ó sì wọlé padà. “Èmi náà kò jẹun dáadáa kó tó dé,” ni Amigbó wí. “Ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi, kó fi ara rẹ̀ tó tóbi jù hàn mí.”

Ọ̀rọ̀ tí mo ń retí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi nìyẹn. Mo ya ẹsẹ̀, mo di ẹ̀ṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀. Èmi ọmọ Ọdẹ́gbèmí, ọmọ atẹlẹ̀-kílẹ̀-ó-mì, ọmọ a-bọ́-sígbó-kígbó-ó-ṣe-kẹ́kẹ́. Irun ẹ̀gbẹ́ etí mi dìde. Lókè igi, Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í: “Ẹ wò ó, agbára rẹ̀ ń gòkè. Ó ti kọjá ti ìjẹta. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé orí igi, n kò rí irú èyí.” Òkúta gbéra. Bọ́tìnnì èjìká mi já. Amigbó ń mi orí bí ẹni tó ń gbádùn ọbẹ̀. Ariwo náà pọ̀, Ẹjẹ́nsinmi kò tilẹ̀ mi etí. Inú ariwo yẹn la ti tọ́ ọ dàgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí àwọn ewúrẹ́ ni Amigbó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ọdẹ, o kú ìnira o.”

“Ọ̀ọ̀, ẹ ṣé, bàbá.”

Ó ti jáde kí n tó mọ̀. Òkúta rọ̀jò lé mi lórí. Irun mi wolẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó dúró, ó dúró, ó ní, “O kú ìdúró o.” Mo dáhùn. Mo tún bẹ̀rẹ̀. “O kú ọjọ́ mẹ́ta.” Ẹ gbọ́ mi, bí ẹ bá ní kí n má dáhùn, ẹ ń sọ pé ìyá mi kò kọ́ mi ni.

Inú Amigbó dùn púpọ̀. Ó gbé ajá náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí ewé, ó dìde. “Jẹ́ kí n fi tèmi hàn ọ́. Ṣé o rò pé èyí ni ara mi?”

“Tèmi tí ẹ rí yìí náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀,” mo fèsì.

“Mo ṣì ní méjì lẹ́yìn èyí.”

“Èmi náà ṣì ní àwọn kan nílé.” Irọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n ọkùnrin kì í dákẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ka ara.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara. Èèpo rẹ̀ là, apá mìíràn yọ lábẹ́ apá, ewédò irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n bí iná ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gà kó ẹrù rẹ̀ ó sì jáde. Igbó ń mì, odò ń padà sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tí òógùn bo arúgbó náà, tí iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn, ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀: “Bàbá, ẹ kú làálàá o.”

“Ọ̀ọ̀, a dúpẹ́, ọmọ mi,” ni Amigbó wí, ó sì rọ̀ bí àkàrà tó bọ́ sómi. Ẹ̀gà dúró lórí ẹ̀ka, ó ń wò wá bí ayálégbé tí onílé dà láàmú.

A wo ara wa. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á, ó sì pa èmi náà, títí a fi jókòó. “Ọ̀rọ̀ wa kò ní tán báyìí,” ó ní. “Jẹ́ ká ṣàdéhùn. N kò ní kí ọ mọ́. Para dà dé òpin, kí o wá pe ajá yìí. Bó bá tẹ̀lé ọ kí òjìji ìrókò tó kan omi odò, mú un lọ. Bí kò bá tẹ̀lé ọ, tèmi ni. Ṣùgbọ́n kí o tó bẹ̀rẹ̀, àlọ́ o.”

“Àlọ̀.”

“Bó ti ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni ará ilé rẹ̀ kì í rí i mọ́. Kí ni?”

Mo ní ìjì ni. Ó ní rárá. Mo ní ọba ni. Ó ní ó súnmọ́ ọn, kò tíì débẹ̀. “Máa rò ó lọ,” ó wí. Ta ló fẹ́ rò ó? Gbogbo ayé mi ni mo ti ń wá ẹni tí yóò gbà láti má kí mi.

Mo ya ẹsẹ̀. Mo ké e láìsí ìdíwọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ké e bí mo ṣe ń lá a láti kékeré. Irun dìde, òkúta dìde, mo rántí bàbá mi lórí ẹní, bó ṣe na ìka sí ilẹ̀kùn, “Ọdẹ́níran, àwọn ewúrẹ́.” Omijé kan bọ́. Ìmọ́lẹ̀ bò mí. Mo ga, mo rí orí igi, mo rí Ọ̀kẹ́rẹ́ lójúkojú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó di ẹ̀ka rẹ̀ mú gírígírí. Bí bàbá mi bá wà láyé, mo mọ̀ pé ì bá pe gbogbo àdúgbò.

Amigbó fọwọ́ tọ́ ajá náà. Ó jí, ó na ara, ó wo òkè, ó rí mi.

Ó gbó mi. Gbogbo irun ọrùn rẹ̀ dìde, ó yọ eyín, ó ń gbó mi bó ṣe ń fà sẹ́yìn, títí ó fi fara pamọ́ sẹ́yìn ẹsẹ̀ Amigbó. Mo fẹ́ sọ pé, “Ẹjẹ́nsinmi, èmi ni, má bẹ̀rù.” Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “ÈMI NI ÀRÁ TÓ LA ÀPÁTA.” Mo tún gbìyànjú. Mo fẹ́ sọ pé Ìbídùn ń retí rẹ̀. Ohun tó jáde ni, “TA NI YÓÒ DÚRÓ NÍWÁJÚ MI?” Ohun tí bàbá mi kò sọ fún mi nìyí: ẹnu Ìparadà kò mọ ọ̀rọ̀ ilé. Mo fẹ́ súfèé bí mo ṣe máa ń sú u, ìjì ló tẹnu mi jáde. Bàbá mi sì ti sọ fún mi pé ìmọ́lẹ̀ náà kò lè kúrò fúnra rẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Òjìji ìrókò ti dé orí iyanrìn etí odò. Ìgbà náà ni ìdáhùn àlọ́ yẹn wọ orí mi, pé ẹni tó ń sọ ara rẹ̀ di ńlá ni, ó sì dùn mí dé egungun.

Mo wo Amigbó. Ó gbé ojú kúrò. Kò sí ayọ̀ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti búra pé òun kò ní kí mi. Ó ku ẹnì kan tó lè kí mi. Mo gbé ìbọn mi, mo tẹ́ ẹ sí ìdí ìrókò. Mo tú àpò ọta mi dà sínú odò. Èmi Ọdẹ́níran, tí mo ga bí ọ̀pẹ, tí mo ń tàn bí oòrùn, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ọ̀kẹ́rẹ́.

Ó wò mí títí. “Ṣé títí láé ni?” ó bi mí.

Mo mi orí.

“Tọmọtọmọ?”

Mo mi orí. Òjìji kù díẹ̀ kó kan omi. Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí ìrókò, ohun tí kò ṣe rí lójú ọdẹ, ó dúró níwájú imú mi, ó ní, “Bàbá Ìbídùn, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ ńkọ́?”

“Ó wà, a dúpẹ́,” ni mo wí.

Ìdáhùn yẹn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnu Ìparadà kó tó jáde. Ó ti wà nínú mi ṣáájú agbára. Ìmọ́lẹ̀ kú fìì. Mo di ara mi padà, apárí láàárín, ẹ̀wù ya léjìká, ekuru kún imú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ áásáà tí Àjíhùn ti ń bá mi jà lé lórí tipẹ́. Ikọ́ yẹn ni Ẹjẹ́nsinmi gbọ́. Etí rẹ̀ gígé dìde. Ó sáré jáde lẹ́yìn ẹsẹ̀ Amigbó bí ọta, ó gun àyà mi, ó ń lá ojú mi, ó ń sunkún bí ọmọ ènìyàn. Nígbà tí mo gbójú sókè, òjìji igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan omi.

Amigbó mí kanlẹ̀. “Ọ̀kẹ́rẹ́ kò sí nínú àdéhùn wa,” ó ní. “O gbà á. Máa mú un lọ.” Ó jókòó padà, ó ń fọwọ́ wá ibi tí ajá náà sùn sí lórí itan rẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn.

N kò lè kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Bàbá, oyún wà nínú rẹ̀. Sísanra tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wí yẹn, kì í ṣe iṣu nìkan.” Nígbà tó bímọ, èmi àti Ìbídùn gbé abo kan lọ fún un nínú apẹ̀rẹ̀. Ó gbó o, ó sì la ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹtúnpadàwá ni Amigbó sọ ọ́, a sì mọ ẹni tó ń bá wí. A ṣì ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo mú Ẹjẹ́nsinmi dé, Ìbídùn kò bi mí léèrè kankan. Ó fa àwo rẹ̀ wá sílẹ̀, ó pín ẹ̀bà inú rẹ̀ sí méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Àjíhùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo èjìká ẹ̀wù mi tó ya. “Ẹ káàbọ̀,” ó ní, ó sì lọ mú abẹ́rẹ́.

Ìdí nìyí tí a kì í fi í jẹ ọ̀kẹ́rẹ́ nílé wa, ẹ má gbé e wá bá wa lálejò. Ẹ̀bẹ̀ kan ló sì kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kí oníkálukú tó gba ilé rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá bá mi pàdé lọ́jọ́ kan, tí mo ga bí ọ̀pẹ, tí iná ń jó lára mi, tí mo ń sán bí àrá pé ta ni yóò dúró níwájú mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sá. Ẹ dúró, kí ẹ sì kí mi.